Ọjọ́rú Abẹ́ Pápá Bọ́ọ̀lù Chicago

Àwọn tó ń ṣe géèmù Minecraft, tí wọ́n sì ki mọ́ọ̀dù IndustrialCraft 2 bọ inú rẹ̀, mọ ohun tó ń bani lẹ́rù lára ríákítọ̀. Ooru ni. Bí ooru náà bá gùn dé 4,000, ohun tó wà nítòsí á bẹ̀rẹ̀ sí í gbiná. Bó bá dé 5,000, omi àyíká á gbẹ. Bó bá fi lè pé 10,000, ríákítọ̀ àti ilé tí wọ́n kọ́ yí i ká á bú gbàmù. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe fi máa ń ronú lórí ohun tí yóò fẹ́ ooru dànù ju bó ṣe ń ronú lórí yùréníọ̀mù lọ.

Ríákítọ̀ àkọ́kọ́ tí ọmọ aráyé kọ́ kò ní ohunkóhun tó ń fẹ́ ooru dànù. Kò ní fáànù, kò ní omi, kò sì ní ògiri tó dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Bulọ́ọ̀kù ni wọ́n ń gbé lé bulọ́ọ̀kù títí ó fi ga sókè. Àwọn tó kọ́ ọ kò bẹ̀rù ooru. Àsìkò ni wọ́n ń bẹ̀rù: bí nǹkan bá fẹ́ bọ́ sódì, ṣé ọwọ́ á yá tó láti dá a dúró? Ìbéèrè yìí ni wọ́n fi gbogbo Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá ọdún 1942, dáhùn.

Òru mọ́júmọ́

Abẹ́ ìjókòó àwọn òǹwòran ní apá ìwọ̀ oòrùn pápá Stagg Field ni, ní University of Chicago. Yunifásítì náà ti pa bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tì láti 1939, pápá náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ rí èrò mọ́, ṣùgbọ́n yàrá gíga kan wà lábẹ́ ìjókòó yẹn tí wọ́n ti máa ń gbá squash. Igbó Argonne lẹ́yìn ìlú ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ kọ́ ríákítọ̀ sí, àfi bí wàhálà àwọn òṣìṣẹ́ ṣe dá iṣẹ́ ilé ibẹ̀ dúró. Arthur Compton tó jẹ́ ọ̀gá iṣẹ́ náà bá ní kí wọ́n kọ́ ọ sáàárín ìgboro. Kò sọ fún ààrẹ yunifásítì. Àwíjàre rẹ̀ lẹ́yìn náà ni pé ìdáhùn kan ṣoṣo tí ààrẹ lè fún òun ni "rárá", rárá náà kò sì ní tọ̀nà. Irú ọ̀rọ̀ báyìí, ẹni tó ti ṣe tinú rẹ̀ tán ló máa ń sọ ọ́.

Láti ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Walter Zinn ń kó àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀sán, Herbert Anderson ń kó ti òru, wákàtí méjìlá méjìlá. Nǹkan bí 45,000 bulọ́ọ̀kù gíráfáìtì ni wọ́n gé, tí wọ́n fá, tí wọ́n sì tò. Eruku rẹ̀ dúdú bí ẹ̀édú, ó ń yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, ó bo ojú, ó bo aṣọ, ó sì bo ilẹ̀ títí kò fi sí ohun tó funfun mọ́ àyàfi ẹyinjú àti eyín. Àwọn ọmọkùnrin àdúgbò tí wọ́n ń retí kí iṣẹ́ ológun pè wọ́n wà lára àwọn tó ń ru bulọ́ọ̀kù yìí.

Wọ́n lu ihò sí àwọn kan nínú bulọ́ọ̀kù náà, wọ́n sì ki yùréníọ̀mù sínú ihò. Bí átọ́ọ̀mù yùréníọ̀mù bá là, nútírọ́ọ̀nù á ta jáde lára rẹ̀, ṣùgbọ́n eré rẹ̀ á pọ̀ jù. Gíráfáìtì á gba eré náà lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi rọra kan átọ́ọ̀mù mìíràn, tíyẹn náà á sì là. Àwọn tó ń ṣe mọ́ọ̀dù yẹn ti rí i ní kékeré: yùréníọ̀mù méjì tó fara kanra máa ń mú iná wá ju méjì tó jìnnà síra lọ.

Aṣọ bálúùnù ńlá onígun mẹ́rin tún wà níbẹ̀ tí Goodyear rán, torí wọ́n rò pé wọ́n á ní láti fa afẹ́fẹ́ kúrò láàárín bulọ́ọ̀kù. Kò wúlò fún nǹkan kan níkẹyìn.

Ní alẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù ni Anderson to ìpele kẹtàdínlọ́gọ́ta. Ẹ̀rọ ìwọ̀n fi hàn án pé ó ti tó. Bó bá fa àwọn ọ̀pá kádímíọ̀mù tó ń gbé nútírọ́ọ̀nù mì jáde, ríákítọ̀ á ṣiṣẹ́ lóru ọjọ́ náà, òun ni ìtàn ì bá sì máa dárúkọ. Ṣùgbọ́n Enrico Fermi, onímọ̀ físíìsì tó ń darí ìdánwò náà, ti gba ìlérí lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé kò ní ṣe é láìsí òun. Anderson fi àgádágodo ti àwọn ọ̀pá náà pa, ó sì lọ sùn. Lójú tèmi, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ṣe láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún náà tó ṣòro tó ìyẹn.

Aago 8:30 àárọ̀

Òtútù ń mú dé egungun. Ọjọ́ kejì rèé tí ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í wọn bẹntiróò fún àwọn ará ìlú. Èrò ń dé díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń gun bálíkónì tó dojú kọ òkìtì bulọ́ọ̀kù náà. Fermi, Compton, Zinn àti Anderson dúró ti àwọn ẹ̀rọ ìwọ̀n. Fermi yìí, ará Ítálì ni. Títí di oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, àlejò láti orílẹ̀-èdè ọ̀tá ni òfin Amẹ́ríkà ka irú rẹ̀ sí.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe pín ìdádúró, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọgbọ́n wà. Ọ̀pá kan wà tí mọ́tò ń gbé, tí yóò já bọ́ sínú òkìtì fúnra rẹ̀ bí iye nútírọ́ọ̀nù bá kọjá àmì. Òmíràn wà tí wọ́n ń pè ní Zip; okùn ni wọ́n fi fà á jáde, wọ́n so okùn náà mọ́ irin bálíkónì, wọ́n sì fún Norman Hilberry ní àáké. Bí ohun gbogbo bá kọ̀, kó gé okùn, kí ọ̀pá já wọlé. Lókè òkìtì gan-an, àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta dúró pẹ̀lú garawa omi kádímíọ̀mù, wọ́n ń retí ọjọ́ burúkú. Nísàlẹ̀, George Weil nìkan ló wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lára ọ̀pá ìkẹyìn. Ẹ̀rọ, okùn, ènìyàn, omi: kò sí èyí tó gbára lé èkejì.

Aago 9:45

Fermi ní kí wọ́n fa ọ̀pá tí mọ́tò ń gbé jáde. Ẹ̀rọ tó ń ka nútírọ́ọ̀nù ń ró kẹ̀kẹ̀kẹ̀, ìró náà sì ń yára sí i. Lẹ́yìn aago mẹ́wàá, Zinn fọwọ́ ara rẹ̀ fa Zip, ó sì so ó.

Aago 10:37

Weil fa ọ̀pá ìkẹyìn dé àmì ẹsẹ̀ bàtà 13. Gègé tó ń fa ìlà sórí bébà gbéra. Fermi ní kò tíì tó. Ó nawọ́ sí ibì kan lórí bébà, ó ní ibẹ̀ ni ìlà náà yóò ti tẹ́jú. Ibẹ̀ náà ló ti tẹ́jú. Wọ́n tún fi ẹsẹ̀ bàtà kan kún un. Ó tún fi rúlà ìṣírò rẹ̀ sọ ibi tí yóò dúró, ó sì dúró síbẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe ń lọ, wọ́n fà á díẹ̀ ní aago 11, díẹ̀ ní 11:15, díẹ̀ ní 11:25. Leona Woods, ọmọ ọdún 23, obìnrin kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, ń ka iye sókè.

Kì í ṣe pé Fermi ń ṣe àfihàn. Bí àsọtẹ́lẹ̀ kan bá kùnà, ó mọ̀ pé òye òun nípa òkìtì yìí ní àléébù, yóò sì dúró níbẹ̀ nígbà tí ààyè ṣì wà láti dúró.

Aago 11:35

Gbàù! Gbogbo èèyàn ta gìrì. Ọ̀pá aládàáṣiṣẹ́ ló já wọlé: àmì tí wọ́n fi sí i ti rẹlẹ̀ jù, iye nútírọ́ọ̀nù sì ti kọjá rẹ̀. Kò sí ewu kankan. Fermi ní ebi ń pa òun, kí wọ́n lọ jẹun. Wọ́n dá gbogbo ọ̀pá padà, wọ́n tì wọ́n pa, wọ́n sì lọ.

Aago 2 ọ̀sán

Wọ́n padà dé. Wọ́n tún àmì ọ̀pá náà ṣe, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìgbésẹ̀ díẹ̀díẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Compton mú Crawford Greenewalt ti ilé iṣẹ́ DuPont dání, torí òun ló kéré jù nínú ìgbìmọ̀ tó wá yẹ iṣẹ́ náà wò, òun ni yóò sì pẹ́ láyé jù láti rántí. Àwọn tó wà nínú yàrá ti tó mọ́kàndínláàádọ́ta.

Aago 3:25

Fermi ní kí Weil fà á ní ẹsẹ̀ bàtà kan sí i. Ó yíjú sí Compton, ó ní eléyìí ló máa ṣe é: ìlà á máa gùn, kò sì ní tẹ́jú mọ́. Ó gùn. Ìró kẹ̀kẹ̀kẹ̀ di ariwo kan ṣoṣo tí etí kò lè pín sí wẹ́wẹ́ mọ́. Wọ́n ní láti máa yí ìwọ̀n gègé padà kí ìlà má baà kúrò lórí bébà. Fermi ń ṣírò, ojú rẹ̀ le, ó tún ń ṣírò. Nígbà tó yá, ó rẹ́rìn-ín, ó pa rúlà rẹ̀ dé.

Bí 10,000 nútírọ́ọ̀nù bá wà nínú ìran kan, 10,006 ni ìran tó tẹ̀ lé e. Mẹ́fà péré ló fi lé. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo nútírọ́ọ̀nù tí yùréníọ̀mù ń tú jáde, nǹkan bíi 65 nínú 10,000 ni kì í jáde lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á fi ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ sí nǹkan bí ìṣẹ́jú kan pẹ́. Mẹ́fà kò tó 65. Láìsí àwọn tó pẹ́ dé yìí, ìran á máa dínkù ni. Nítorí náà, òkìtì kò lè sáré ju bí àwọn apẹ́lẹ́yìn ṣe ń dé lọ: ìṣẹ́jú méjì méjì ló fi ń di ìlọ́po méjì. Ẹni tó mú àáké lọ́wọ́ ní ìṣẹ́jú méjì láti ronú. Bó bá jẹ́ pé gbogbo wọn ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà ni, àáké Hilberry ì bá ti dàbí ohun ìṣeré ọmọdé. Àmọ́ bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan ààbọ̀, iná rẹ̀ á dé mílíọ̀nù kílówáàtì, ó sì dájú pé á ti pa gbogbo wọn kó tó débẹ̀.

Wọn kò jẹ́ kó kọjá ìdajì wáàtì, tí kò tó láti tan gílóòbù kékeré.

Aago 3:53

Fermi ní kí wọ́n ti Zip wọlé. Zinn tú okùn, ọ̀pá já bọ́, ariwo ẹ̀rọ sì rọlẹ̀ lójú kan náà. Ìròyìn tí ìjọba gbé jáde lẹ́yìn ogun ní ìṣẹ́jú 28 ni ríákítọ̀ fi ṣiṣẹ́. Àwọn mìíràn ní ìṣẹ́jú mẹ́rin ààbọ̀ ni. Ère tí Henry Moore ṣe síbẹ̀, wọ́n ṣí i ní aago 3:36 ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá 1967, tí ìyẹn tún jẹ́ ìṣírò mìíràn. Mo fara mọ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin ààbọ̀, torí ẹni tó ń bẹ̀rù àsìkò kì í fi í ṣòfò.

Eugene Wigner, onímọ̀ físíìsì mìíràn, fa ìgò wáìnì Chianti kan yọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti rà á tipẹ́, kí ogun tó jẹ́ kí wáìnì Ítálì wọ́n. Wọ́n bù ú sínú ife bébà, wọ́n mu ún láìsọ̀rọ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí èèpo koríko tó wé ìgò náà. Ìwé ìfọwọ́sí yẹn ni wọ́n padà fi mọ àwọn tó wà níbẹ̀. Compton fi fóònù bá James Conant, ààrẹ Harvard, sọ̀rọ̀, ó ní atukọ̀ ará Ítálì ti gúnlẹ̀ sí ayé tuntun. Conant bi í bóyá àwọn ọmọ onílẹ̀ gbà á tọ́wọ́tẹsẹ̀. Compton ní àlàáfíà ni gbogbo wọn gúnlẹ̀.

Nígbà tí èrò tú ká, ó ku Fermi àti Leo Szilard lórí bálíkónì. Szilard ló ti ro irú nǹkan yìí láti 1933 ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó bọ Fermi lọ́wọ́, ó ní òun rò pé ọjọ́ dúdú ni ọmọ aráyé á máa ka ọjọ́ yìí sí.

Alẹ́

Ìyàwó Fermi, Laura, ti pe àwọn ọ̀rẹ́ wá sílé fún fàájì. Olúkúlùkù àlejò tó wọlé ló ń kí ọkọ rẹ̀ kú oríire. Oríire kí ni? Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó bi Leona Woods, ìyẹn sọ fún un pé Enrico ri ọ̀gágun ojú omi Japan kan sínú òkun. Laura ní kó má fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Anderson tún bá a gbè é, ó ní ṣé ohun kan wà tí Enrico kò lè ṣe ni? Laura padà lọ bi ọkọ rẹ̀. Fermi kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó di ọdún 1945 kí Laura tó mọ ohun tí wọ́n ń kí ọkọ rẹ̀ fún.