Ta Ló Mọ Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ Ní Yàrá H3?

Ọdún 1878 ni ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Moral Sciences Club bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Cambridge. Kì í ṣe kíláàsì, kò sí ìdánwò níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan á ka bébà, àwọn yòókù á sì tú u palẹ̀. Ní 1912, Ludwig Wittgenstein, tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ka tiẹ̀ lórí ohun tí fìlọ́sọ́fì jẹ́, kò sì ju bí ìṣẹ́jú 4 lọ. (Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka sẹminá fún wákàtí kan gbáko lójú mi, ṣé ẹ gbọ́?)

Ìpàdé October 25, 1946, ní yàrá H3 ní King's College, ni ayé ò gbàgbé. Karl Popper wá láti London, ó ní ìṣòro fìlọ́sọ́fì wà lóòótọ́. Wittgenstein, tó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n, ní kò sí o, èdè ló ń dà wá láàmú. Ọ̀rọ̀ gbóná. Wittgenstein mú irin tí wọ́n fi ń ko iná jọ nínú ààrò, ó ń jù ú fìrìfìrì. Popper kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ayé ara rẹ̀ pé ó ní kí òun fún òun ní àpẹẹrẹ òfin ìwà kan. Òun sì dáhùn pé kéèyàn má fi irin halẹ̀ mọ́ àlejò tó wá sọ̀rọ̀. Ló bá ju irin sílẹ̀, ó sì fi ìbínú jáde. Peter Geach, tóun náà wà níbẹ̀, ní irọ́ ni. Àwọn mìíràn ní Wittgenstein ti jáde kí Popper tó sọ ọ́.

Bí èèyàn 30 ló wà nínú yàrá yẹn, púpọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ pé bí èèyàn ṣe ń mọ nǹkan gan-an ni iṣẹ́ wọn!

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń rántí ìwé tí Barry Hallen àti J. O. Sodipo gbé jáde ní 1986, lẹ́yìn tí wọ́n ti bá àwọn oníṣègùn jókòó lórí *mọ̀* àti *gbàgbọ́*. Èsì wọn ni pé ohun tí a fojú ara wa rí là ń mọ̀; ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ìgbàgbọ́ ni. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n èdè ojoojúmọ́ ò le tó bẹ́ẹ̀. Ṣebí à ń sọ pé "mo mọ̀ pé ìyá mi ló bí mi", bẹ́ẹ̀ ta ló fojú ara rẹ̀ rí i? Àwọn ará H3 wá fojú rí tiwọn, ẹnu wọn ò sì kò. Tí a bá tẹ̀ lé òfin yẹn, gbogbo wọn ló *mọ̀*. Èmi ò rò pé Yorùbá kankan máa gbà bẹ́ẹ̀: a ó kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan ná.