Ta Ló Ni Ojúde Tí Ẹ Ti Ń Ṣeré?

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fídíò jẹun lórí TikTok àti Facebook, ẹ mọ ọ̀rọ̀ yìí: ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti ti àkáǹtì yín pa. Wọ́n ní ẹ rú òfin. Èwo nínú òfin? Wọn ò sọ. Ta lẹ máa bá rojọ́? Ẹ ò rí i. Ṣùgbọ́n kí èèyàn máa ṣeré ní ojúde onílé kì í ṣe nǹkan tuntun nílẹ̀ wa. Ẹ jẹ́ ká gba Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ wò ó.

Ní oṣù kejì ọdún 1826, arìnrìn-àjò òyìnbó kan, Hugh Clapperton, wà ní Ọ̀yọ́-Ilé. Aláàfin ní kí àwọn eléégún alárìnjó ṣeré fún un. Wọ́n ṣe bí òjòlá, wọ́n sì ṣe bí òyìnbó; wọ́n fi àlejò ṣẹ̀fẹ̀ níṣojú rẹ̀. Ẹ̀rù ò bà wọ́n, torí ọba tó ni ojúde ló pè wọ́n. Ṣùgbọ́n bí àwọn alárìnjó bá dé ìlú mìíràn, ọ̀dọ̀ ọba tàbí baálẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ lọ. Bí kò bá gbà, kò séré.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ọdún 1964. Ọdún náà ni Aláàfin Gbádégẹṣin Ládìgbòlù Kejì fi Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Akíntọ́lá yìí náà ni olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Lọ́dún kan náà, Ẹgbẹ́ Ọmọ Ọlọ́fin, tó wà lẹ́yìn Akíntọ́lá, ní kí Hubert Ògúndé wá ṣeré fún àwọn. Ògúndé gbé Yorùbá Ronú jáde, ìtàn ọba kan tí igbákejì rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀. Awólọ́wọ̀ wà lẹ́wọ̀n nígbà náà, Akíntọ́lá sì ti ṣe igbákejì rẹ̀ rí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú. Ta ni ò mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí?

Ìjọba fòfin de Ògúndé àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Ká sọ ọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ lónìí, kì í ṣe fídíò kan ni wọ́n yọ. Àkáǹtì ni wọ́n tì. Ìbàdàn, Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́, Abẹ́òkúta, ibi tí àwọn tó gbọ́ èdè rẹ̀ pọ̀ sí, ìlẹ̀kùn ti.

Báwo ni ebi ò ṣe pa á? Èkó wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀, òfin náà ò dé ibẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀ ni, òun ló dá a sílẹ̀. Ó tún kọ eré mìíràn, Òtítọ́ Korò, láti fi fèsì. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní 1966, Gómìnà Adékúnlé Fájúyì gbé òfin náà kúrò.

Ẹ wò ó dáadáa: Ògúndé mọ ẹni tó dè é, ó mọ ohun tó fà á. Ní 2021, ìjọba Nàìjíríà ti Twitter pa láti ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà títí di oṣù kìíní 2022. Àwọn èèyàn gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ ECOWAS, ilé ẹjọ́ sì ní kò bófin mu. Ìjọba ṣeé pè lẹ́jọ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ẹ̀rọ ti àkáǹtì rẹ̀ nítorí ẹ̀fẹ̀ tí kò yé e ńkọ́? Ta ni yóò pè?

Ohun tó yẹ ká máa béèrè lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ yìí ò pọ̀: kí wọ́n sọ ẹ̀ṣẹ̀ ẹni, kí èèyàn tó gbọ́ Yorùbá sì gbọ́ ẹjọ́ ẹni. Kí wọ́n tó dáhùn, ẹ tọ́jú ojúlówó fídíò yín síbòmíràn, ẹ gba nọ́ńbà àwọn oníbàárà yín. Ẹ wá Èkó tiyín kí ilẹ̀kùn tó tì.