Èsúsú, Ìṣúná Aláìlólórí àti Ohun Tí Ó Ń Mú Ọmọ Ẹgbẹ́ Dúró: Ẹ̀kọ́ fún Ìsùàdà

Èsúsú kì í ṣe àjèjì ní Ìsùàdà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀, bí kò ti ṣe àjèjì níbikíbi ní ilẹ̀ Yorùbá. Àjàyí Crowther ti kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ ti 1843, nígbà tí kò sí ilé ìfowópamọ́ kankan ní ilẹ̀ yìí. Ìbéèrè tí ó yẹ kí òpìtàn bi ara rẹ̀ ni pé: kí ni ó ń dá àwọn ènìyàn dúró nínú rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí á wo ogún ènìyàn tí wọ́n ń dá 1,000 náírà ní ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kó 20,000 náírà di ajigbèsè títí èsúsú yóò fi parí. Ẹni tí ó kó tirẹ̀ kẹ́yìn kò jèrè kọ́bọ̀. Owó rẹ̀ gan-an ni ó gbà padà. Nítorí náà, ẹni àkọ́kọ́ ni ó ní ìdí láti sá. William Bascom, tí ó ṣe ìwádìí ní Ifẹ̀ ní 1937 sí 1938, ṣàlàyé nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti 1952 bí wọ́n ṣe ń dí ihò yìí. Wọ́n a pín ẹgbẹ́ ńlá sí ọ̀nà ọ̀nà. Olórí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ni ó mọ àwọn ènìyàn rẹ̀, òun náà ni ó sì ń dáhùn fún wọn lọ́dọ̀ olórí èsúsú. Kò pọn dandan kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ mọ ara wọn. Kókó ọ̀rọ̀ nìyí, àwọn tí ń yin èsúsú kì í sì í sábà kíyè sí i.

Ètò ìṣúná orí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò ní olórí, èyí tí wọ́n ń pè ní DeFi, gba ọ̀nà mìíràn. Èrè ni ó fi ń pe ènìyàn. Ní September 2020, Uniswap bẹ̀rẹ̀ sí í pín owó UNI fún àwọn tí wọ́n kó owó wọn sínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù November, ẹ̀bùn náà dópin. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, ó lé ní ìdajì owó náà tí ó ti jáde. Èyí kì í ṣe jìbìtì: ẹnikẹ́ni kò jí owó ẹnikẹ́ni. Àwọn olówó lọ ni, nítorí pé lílọ kò ná wọn ní nǹkan púpọ̀. Wọn kò ní orúkọ níbẹ̀ tí yóò bàjẹ́, kò sì sí olórí ọ̀nà tí yóò kan ilẹ̀kùn baba wọn.

Ọ̀ràn MMM yàtọ̀ pátápátá. Ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù ni ó ṣèlérí, ó sì ti owó àwọn ọmọ Nàìjíríà pa ní December 2016. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ni ó ń pa méjèèjì pọ̀, àṣìṣe ni.

Kò tọ́ kí á sọ pé èsúsú pé pérépéré. Àlejò tí kò ní ẹni tí yóò dúró fún un kò lè wọlé, nígbà tí DeFi kì í bi ẹnikẹ́ni ní ilé baba rẹ̀. Ààbò èsúsú kan náà ni ó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ aláìní. Ìṣílọ sì kò pa á: àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gbé e kọjá òkun, tí wọ́n fi ń pè é ní susu ní Trinidad àti asue ní Bahamas títí di òní. Lónìí ọmọ ìlú tí ó wà ní Èkó lè fi fóònù san owó èsúsú ilé. Olórí ọ̀nà rẹ̀ ṣì ni wọ́n ń pè bí owó bá pẹ́.