Owó Oṣù Ẹnjiníà Kọ̀ǹpútà: Láti Philadelphia dé Yábàá

Kí kọ̀ǹpútà tó di orúkọ ẹ̀rọ, orúkọ òṣìṣẹ́ ni. Ní Amẹ́ríkà lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn obìnrin tó mọ ìṣirò ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ní Philadelphia, àwọn ló ń bá iléeṣẹ́ ológun ṣírò ibi tí ọta ìbọn ńlá yóò balẹ̀ sí. Ní 1945, wọ́n ṣa mẹ́fà nínú wọn láti máa to iṣẹ́ fún ENIAC, ẹ̀rọ arabaríbí tí wọ́n kọ́ ní University of Pennsylvania. Kò sí ìwé ìtọ́ni kankan fún wọn. Àwòrán wáyà ẹ̀rọ náà ni wọ́n fi kọ́ra wọn níṣẹ́. Síbẹ̀, ìjọba kò kà wọ́n sí ògbóǹtarìgì, ìsàlẹ̀ ipò yẹn ni wọ́n kọ wọ́n sí, owó ìsàlẹ̀ náà ni wọ́n sì ń gbà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni owó iṣẹ́ yìí kò ti tẹ̀ lé bí iṣẹ́ ṣe le tó nìkan. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ni àwọn àgbà wí. Ẹnjiníà tó ní ju ọ̀nà kan lọ sọ́jà ni owó rẹ̀ máa ń lọ sókè.

California ni èyí ti kọ́kọ́ hàn kedere. Ní 1957, ẹnjiníà mẹ́jọ kọ̀wé fi iléeṣẹ́ William Shockley sílẹ̀ ní Mountain View, wọ́n sì dá Fairchild Semiconductor sílẹ̀. Ní 1968, méjì nínú wọn, Robert Noyce àti Gordon Moore, kúrò ní Fairchild láti lọ dá Intel sílẹ̀. Òfin kò dí wọn lọ́nà. Láti 1872 ni ìpínlẹ̀ California kò ti fàyè gba àdéhùn tó ń sọ pé òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ lọ bá alábàádíje ọ̀gá rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ẹni tí ọ̀gá kò bá tọ́jú lónìí lè sọdá títì lọ́la. Nítorí náà ni àwọn iléeṣẹ́ ṣe ń fi kún owó, tí wọ́n sì tún ń jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ra ìpín iléeṣẹ́ ní iye tó ń lọ lọ́jọ́ tí wọ́n fún un ní àǹfààní náà. Bí iléeṣẹ́ bá gbèrú, èrè ìpín yẹn lè mú owó oṣù dà bí owó kékeré.

Ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, lẹ́bàá ọ̀nà Route 128 tó yí Boston ká, nǹkan kò rí bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni Digital Equipment Corporation, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Maynard ní 1957, ti di òmìrán. Ní Massachusetts, ilé ẹjọ́ a máa fi òǹtẹ̀ lu irú àdéhùn tí California kọ̀, ọ̀pọ̀ ẹnjiníà a sì máa pẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ṣoṣo. Nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1994, AnnaLee Saxenian fi agbègbè méjèèjì wéra. Ó fi hàn pé bí ènìyàn àti ìmọ̀ ṣe ń ti iléeṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn ló jẹ́ kí California ta Massachusetts yọ. Ní 1998, Compaq ra Digital.

Àwọn ọ̀gá ní California náà mọ ibi tí agbára òṣìṣẹ́ wà. Láàárín 2005 sí 2009, àwọn iléeṣẹ́ bíi Apple, Google, Intel àti Adobe ṣe àdéhùn pé àwọn kò ní máa pe òṣìṣẹ́ ara wọn wá síṣẹ́. Ìjọba àpapọ̀ pè wọ́n lẹ́jọ́ ní 2010. Àwọn òṣìṣẹ́ bíi 64,000 náà pẹjọ́, ní 2015 sì ni ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí 415 mílíọ̀nù dọ́là tí iléeṣẹ́ mẹ́rin yìí gbà láti san.

Ìrírí ni ọ̀nà kejì tó ń ya owó sọ́tọ̀. Ẹnjiníà tuntun ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ti gé fún un. Àgbà ẹnjiníà ló ń pinnu iṣẹ́ tó yẹ ní ṣíṣe, òun náà ló sì ń rí ewu kó tó ṣẹlẹ̀. Ní May 2023, ìjọba Amẹ́ríkà kà á pé ìdajì àwọn tó ń kọ́ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ń gbà ju 138,080 dọ́là lọ lọ́dún, ìdajì tó kù kò sì tó bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá ṣe ń gòkè, ìpín iléeṣẹ́ ló ń pọ̀ sí i nínú owó rẹ̀, nítorí náà ni àlàfo àárín àgbà àti ọmọdé ṣe ń fẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ náà kọjá òkun, ibùgbé wá di òṣùwọ̀n. Texas Instruments dé Bangalore, ní Íńdíà, ní 1985, ó ń lo àwọn ẹnjiníà tí owó wọn kéré gan-an sí ti Amẹ́ríkà. Àwọn tó fi físà H-1B, tí òfin 1990 dá sílẹ̀, wọ Amẹ́ríkà gba owó tó sàn jù. Ṣùgbọ́n físà náà so wọ́n mọ́ ọ̀gá tó gbà wọ́n, kíkúrò níbẹ̀ kò sì rọrùn.

Ní Èkó, àwọn iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà kóra jọ sí Yábàá. Nígbà tí wọ́n dá Andela sílẹ̀ ní 2014, ó kọ́kọ́ ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́, ó sì ń so wọ́n pọ̀ mọ́ iléeṣẹ́ òkè òkun. Ní 2019, ó dá 250 nínú àwọn tí ìrírí wọn kò tíì pọ̀ dúró ní Nàìjíríà àti Uganda, nítorí àgbà ẹnjiníà ni àwọn oníbàárà rẹ̀ ń wá. Àrùn Kòrónà wá mú kí ṣíṣiṣẹ́ láti ilé gbilẹ̀. Ní May 2020, Mark Zuckerberg, ọ̀gá Facebook, kéde pé òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ náà tó bá kó lọ sí ibi tí ìgbé ayé ti rọ̀ yóò rí i pé owó rẹ̀ yí padà. Ní June 2023, ìjọba Nàìjíríà jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà. Dọ́là kan, tí kò tó 500 náírà ní báńkì ṣáájú, kọjá 1,500 ní 2024. Láti ìgbà náà, ẹnjiníà méjì lè jókòó sídìí tábìlì kan ní Yábàá, kí iṣẹ́ wọn bára mu, kí owó èkíní sì jẹ́ ìlọ́po owó èkejì, nítorí dọ́là ni wọ́n fi ń san ti èkíní. Ìrírí ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń dé ìdí iṣẹ́ dọ́là náà, ọmọ ìbẹ̀rẹ̀ ni kò sì tíì ní in.