Káàdì Ìbẹ̀rẹ̀ àti Káàdì Ìdáhùn: Ìsàlẹ̀ Èkó, 1845 sí 1861

Nínú eré póòkà tí wọn kò dá òdiwọ̀n sí owó tí ènìyàn lè fi ta, ìbéèrè tó le jù máa ń dé kí káàdì kankan tó ṣí lórí tábìlì. Ẹlòmíràn ti kó owó ńlá sílẹ̀ ṣáájú rẹ. Káàdì méjì péré ló wà lọ́wọ́ rẹ. Ṣé o máa tẹ̀lé e ni, àbí o máa fi kún tirẹ̀, àbí o máa da káàdì sílẹ̀? Oríṣi káàdì méjì-méjì tó lè bọ́ síni lọ́wọ́ jẹ́ 169, àwọn tó mọ eré náà sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. David Sklansky, ará Amẹ́ríkà tó kọ ìwé púpọ̀ lórí póòkà, ló fìdí òye kan múlẹ̀ láàárín wọn: káàdì tó tó fi bẹ̀rẹ̀ lè má tó fi dá ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ lóhùn. Ace àti Jack jẹ́ káàdì gidi bó bá jẹ́ ìwọ lo kọ́kọ́ ta. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí kì í fi owó rẹ̀ ṣeré bá ti ta owó ńlá ṣáájú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Ace àti King ló dì mú, bẹ́ẹ̀ Ace àti Jack kì í borí ìyẹn ju bí ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin lọ. Káàdì ọwọ́ rẹ kò yí padà. Ohun tó yí padà ni ohun tí owó tí ẹnì kejì kó sílẹ̀ ti sọ fún ọ nípa ara rẹ̀.

Láàárín 1851 sí 1861, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ọkọ̀ ogun wá síwájú Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n sì gbé irú ìbéèrè yìí kalẹ̀ fún ọba méjì. Kòsọ́kọ́ fi ìbọn dá wọn lóhùn. Dòsùnmú bu ọwọ́ lu ìwé. Títí dòní, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yin ti àkọ́kọ́ fún ìgboyà, wọ́n sì ń ka ti ìkejì sí ẹni tó fi ìlú tọrẹ. Ìdájọ́ yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí ohun tí àwọn ọba náà ṣe nìkan ló ń wò, kò wo ohun tó wà lọ́wọ́ wọn nígbà tí wọ́n ṣe é. Mo gbà pé Kòsọ́kọ́ mú ohun tó fi gba ìtẹ́ ní 1845, ó fi dá ọ̀tá tó yàtọ̀ pátápátá lóhùn ní 1851, àti pé Dòsùnmú, tí ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, mọ̀ pé ó ṣófo.

Ó yẹ ká kọ́kọ́ wo 1845, torí ibẹ̀ ni ìgbẹ́kẹ̀lé Kòsọ́kọ́ ti ṣẹ̀. Ọmọ Ọba Òṣínlókùn ni, wọ́n sì fò ó nígbà tí wọ́n ń yan ọba: ní 1837 tí Olúwọlé jẹ, àti ní 1841 tí Akítóyè, àbúrò bàbá rẹ̀, jẹ lẹ́yìn tí ààrá sán lu ètù ìbọn láàfin tí Olúwọlé sì kú. Elétù Òdìbò, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo nínú yíyan ọba, kò fẹ́ rí i sójú. Akítóyè ló ranṣẹ́ pè é bọ̀ láti Ouidah, níbi tó sá sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan kìlọ̀ fún un. Nígbà tí Ogun Olómirò bẹ́ sílẹ̀ láàárín òun àti Akítóyè ní 1845, ohun tó wà lọ́wọ́ Kòsọ́kọ́ ju ti gbogbo ẹni tó dojú kọ ọ́ lọ. Owó òwò ẹrú wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀ṣódì Tápà, olórí ogun tí kò láfiwé lórí ọ̀sà, wà pẹ̀lú rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ ta, àwọn yòókù ló ń wá èsì. Akítóyè sá lọ sí Abẹ́òkúta, láti ibẹ̀ dé Àgbádárìgì.

Àgbádárìgì ni ọ̀rọ̀ ti di ti àwọn òyìnbó. Akítóyè ṣèlérí pé bí wọ́n bá dá òun padà sórí ìtẹ́, òun yóò fi òpin sí òwò ẹrú. Ọwọ́ òun náà kò mọ́ nínú òwò yẹn tẹ́lẹ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ní òwò epo pupa tiwọn tí wọ́n ń wá ọ̀nà fún. Kò sí ẹni tó wá síbi ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú ọwọ́ funfun. Ní oṣù kọkànlá 1851, Kọ́ńsù John Beecroft wá bá Kòsọ́kọ́ pé kó fọwọ́ sí àdéhùn. Èsì tó gbà ni pé abẹ́ Ọba Bìní ni Èkó wà, Ọba Bìní nìkan ló sì lè bá ìjọba ilẹ̀ òkèèrè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù náà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì wọ ọ̀sà wá, ìbọn Èkó sì lé wọn padà. Ènìyàn méjì kú lára wọn.

Oṣù kan tó tẹ̀ lé ìyẹn ló ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn yìí, síbẹ̀ àwọn tó ń sọ ọ́ sábà máa ń sáré kọjá lórí rẹ̀. Ìṣẹ́gun ọjọ́ 25 lè jẹ́ ẹ̀rí fún ará Èkó pé òyìnbó kò lè borí wọn lórí omi tiwọn. Fún ẹni tó bá ń ka ọwọ́ ọ̀tá, ẹ̀rí mìíràn ni. Ìjọba tí ọkọ̀ ogun rẹ̀ wà ní gbogbo òkun kò lè jẹ́ kí gbogbo etíkun gbọ́ pé Èkó lé òun, kó sì dákẹ́. Bí wọ́n bá máa padà wá, ohun tí wọ́n máa gbé wá yóò ju ti ìṣáájú lọ. Ìgbà tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ́gun ni iye tí ọ̀tá máa fẹ́ san láti bá a rẹ́ máa ń ga jù. Ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá, wọ́n padà wá lóòótọ́, pẹ̀lú Bloodhound àti Teazer, ọkọ̀ ogun tó ń fi èéfín rìn, àti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké. Ìjà náà gbóná. Teazer há sórí iyanrìn, ìbọn Èkó sì ń lù ú. Ó lé ní mẹ́wàá lára ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó kú, àwọn tó fara gbọgbẹ́ sì pọ̀ ju ìyẹn lọ dáadáa. Ní ọjọ́ 27, rókẹ́ẹ̀tì kan bọ́ sórí ibi tí wọ́n kó ètù ìbọn sí nílé Ọ̀ṣódì Tápà, iná sì mú apá púpọ̀ nínú ìlú. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 28, Kòsọ́kọ́ ti lọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1852, Akítóyè bu ọwọ́ lu àdéhùn tí Kòsọ́kọ́ kọ̀.

Ẹnìkan lè ní díẹ̀ ló kù kí Kòsọ́kọ́ borí, pé iyanrìn ẹnu ọ̀sà kò jẹ́ kí àwọn ọkọ̀ ńláńlá wọlé, àti pé ká ní rókẹ́ẹ̀tì yẹn bọ́ sínú omi ni, ìtàn á yàtọ̀. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ó mọ ilẹ̀ rẹ̀, ó sì lò ó bí ẹni tó mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ ní ó borí ní oṣù kejìlá, ọkọ̀ mìíràn á dé ní oṣù kẹta. Owó tó wà lẹ́yìn Gẹ̀ẹ́sì kò lè tán lórí tábìlì Èkó, ti Kòsọ́kọ́ sì lè tán ní alẹ́ kan. Àwọn mìíràn á ní kí ló tún lè ṣe, nígbà tó jẹ́ pé ìtẹ́ gan-an ni wọ́n fẹ́ gbà? Kòsọ́kọ́ fúnra rẹ̀ ló dáhùn ìyẹn. Lẹ́yìn tó tún kọlu Èkó ní oṣù kẹjọ 1853 tí kò rí i gbà, ó jókòó pẹ̀lú Kọ́ńsù Benjamin Campbell, wọ́n sì ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́, ibi tó sá sí, ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án 1854. Ó jọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀ sórí ìtẹ́ Èkó àti òwò ẹrú. Wọ́n gbà pé tirẹ̀ ni Ẹ̀pẹ́, pẹ̀lú èbúté Pálmà àti Lẹ́kí. Ibi tí mo ti rí ọgbọ́n ọba yìí nìyí, ju ibi ìbọn lọ. Ohun tó dùn mí ni pé iye tó gbà ní 1854, lẹ́yìn tí ìlú ti jóná, kò tó èyí tó ṣeé ṣe kó rí gbà láàárín oṣù kọkànlá àti oṣù kejìlá 1851.

Ti Dòsùnmú yàtọ̀. Nígbà tí bàbá rẹ̀, Akítóyè, kú ní oṣù kẹsàn-án 1853, Kọ́ńsù Campbell ló yára fi í jọba. Kò ní Ọ̀ṣódì Tápà. Ẹ̀pẹ́ ni Ọ̀ṣódì wà pẹ̀lú Kòsọ́kọ́. Ọkọ̀ ogun tó ń dáàbò bò ó náà ni wọ́n wá yí ẹnu ìbọn rẹ̀ sí i. Ní ọjọ́ 30 oṣù keje 1861, Bedingfeld, ọ̀gá ọkọ̀ Prometheus, àti William McCoskry, adelé Kọ́ńsù, sọ fún un pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ gba Èkó. Ó kọ́kọ́ kọ̀. Wọ́n jẹ́ kó mọ̀ pé ìbọn lè dún. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ, òun àti àwọn olóyè mẹ́rin fi àmì sí ìwé, lẹ́yìn náà ó sì kọ̀wé pé tipátipá ni wọ́n fi gba ìlú lọ́wọ́ òun. Ìlú tó jóná ní 1851 kò tíì kúrò lójú ẹnikẹ́ni. Kí ló ní tó lè fi dáhùn?

Àtakò tó wúwo jù ni pé kò sí káàdì nínú ọ̀rọ̀ ìlú, pé ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni, pé ẹni tó da káàdì sílẹ̀ lè dúró de èyí tó kàn, ṣùgbọ́n ọba tó fi ìlú sílẹ̀ kò ní òmíràn. Mo gba ìdajì rẹ̀. Àwọn ẹrú tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ lẹ́bàá ọ̀sà nígbà Kòsọ́kọ́ kò ní káàdì kankan lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni kò sì bi wọ́n léèrè. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́ pé kò sí èyí tó kàn. Ìwé 1861 fi orúkọ ọba sílẹ̀ fún Dòsùnmú, ó fi ẹjọ́ àwọn ará ìlú tó bá gbà kó dá ẹjọ́ wọn sílẹ̀ fún un, ó sì sọ pé òǹtẹ̀ rẹ̀ lórí ìwé ilẹ̀ ni ẹ̀rí pé kò sí ọmọ ìlú mìíràn tó ń jà sí i. Ní 1862, wọ́n kọ owó ọdọọdún rẹ̀ sílẹ̀ ní 1,200 ọ̀kẹ́ owó ẹyọ. Ọdún yẹn kan náà ni Kòsọ́kọ́ padà sí Èkó, tí Ọ̀ṣódì Tápà sì tẹ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó dó sórí erékùṣù. Nígbà tí ìjọba fẹ́ gba ilẹ̀ Àpápá láìka ìdílé Olúwa sí onílẹ̀ gidi, Olóyè Àmọ́dù Tìjání, tó jẹ́ Olúwa nígbà náà, gbé ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay, olóṣèlú ará Èkó, sì bá a lọ. Ní 1921, Ìgbìmọ̀ Privy Council, láti ẹnu Viscount Haldane, dájọ́ pé gbígbà tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861 kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, àti pé kí wọ́n san owó fún Olúwa bí ẹni tí gbogbo ilẹ̀ náà jẹ́ ti àwọn ènìyàn rẹ̀.