Bí a ṣe lè fi ìtàn ara wa bèèrè ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ

Lẹ́tà tí aráàlú máa ń kọ sí mairie sábà máa ń jọra: «Àwa ará abúlé báyìí ń jìyà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa wá nǹkan ṣe sí i.» Ẹni tó kà á á mi orí, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á mú òmíràn. Ọ̀rọ̀ máa ń yàtọ̀ tí ẹnì kan bá dìde láàárín ìpàdé tó ní: «Èmi ló ṣẹlẹ̀ sí, báyìí ló ṣe lọ.» Ìyẹn là ń pè ní ìtàn ara ẹni, òun la sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí níbí.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ acte de naissance ṣe àpẹẹrẹ, torí ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, láti Kétu dé Ṣábẹ̀. Ká ní ìyá kan bímọ sílé, kò sì tètè lọ kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀. Ọmọ dàgbà, ilé ìwé gbà á, ó dé CM2. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ kọ orúkọ fún ìdánwò CEP ni olùkọ́ tó ní kí ó mú ìwé wá. Ìyá dé mairie, wọ́n ní ọjọ́ ti kọjá, àfi kó lọ gba jugement supplétif ní tribunal.

Tí ìyá yìí bá dé iwájú maire tó sọ pé «àwọn ọmọ wa kò ní ìwé», òótọ́ ni, àmọ́ maire ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá sọ iye ìgbà tó lọ tó bọ̀, iye tó san fún zémidjan, ọjọ́ ọjà tó pàdánù, àti bí ọmọ rẹ̀ ṣe jókòó sílé láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ya fọ́tò ìdánwò, aláṣẹ á rí ibi tí ọ̀nà ti dí gan-an. Ìyá yẹn kò ya ọ̀lẹ. Tribunal ló jìnnà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣì í nìyí: a sọ ìtàn tán, a sunkún tán, a ò bèèrè nǹkan kan. Wọ́n á ní «ẹ pẹ̀lẹ́», wọ́n á sì lọ jẹun. Ìtàn gbọ́dọ̀ gbé ìbéèrè kan dání, kó jẹ́ ohun tí ẹni tó ń gbọ́ lágbára láti ṣe. Nínú àpẹẹrẹ wa, ìyá náà lè ní kí mairie bá wọn bẹ tribunal kó wá ṣe audience foraine ní arrondissement wọn, kí àwọn ọmọ lè gba ìwé wọn nítòsí ilé. Ẹ má bèèrè nǹkan mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan. Tí àwọn ìyá mẹ́ta mìíràn bá sì tẹ̀ lé e, tí kálukú sọ tirẹ̀ ní ṣókí, kò sẹ́ni tó máa lè sọ pé ti ẹnì kan péré ni.

Ọ̀nà yìí kì í ṣe tuntun. Mahommah Gardo Baquaqua, ọmọ Djougou, ni wọ́n tà lẹ́rú lọ sí Bràsíl ní 1845. Ó sá mọ́ wọn lọ́wọ́ ní New York ní 1847, nígbà tó sì di 1854, ìtàn rẹ̀ jáde níwèé ní Detroit, nígbà tí òwò ẹrú ṣì ń lọ. Àjàyí Crowther náà, tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, kọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí i sínú lẹ́tà ní 1837. Ní 1851 ó dé iwájú ọbabìnrin Victoria ní Windsor, ó sọ̀rọ̀ nípa òwò ẹrú nílẹ̀ wa. Lóṣù December ọdún yẹn kan náà, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, wọ́n sì gbà á pátápátá ní 1861. A ò sọ pé ọ̀rọ̀ Àjàyí ló fà á o. Àmọ́ ẹni tó ń gbọ́ ìtàn yín lè ní nǹkan tirẹ̀ tó fẹ́ fi ṣe.

Ní Tógò, ìgbìmọ̀ CVJR tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2009, tí bíṣọ́ọ̀bù Nicodème Barrigah darí, gba ẹ̀rí lórí ìwà ipá òṣèlú láti 1958 dé 2005. Ó ju 20.000 ènìyàn tó wá sọ tiwọn. Ìròyìn ìgbìmọ̀ náà jáde ní 2012, ṣùgbọ́n ó di 2017 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í san owó gbà-má-bínú. Ẹni tó bá ń gba ìtàn lẹ́nu ènìyàn ní láti sọ ìyẹn fún un kó tó bẹ̀rẹ̀: ó lè pẹ́.

Ẹni tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí ló ni ìtàn rẹ̀. Tí ẹ̀yin ẹgbẹ́ bá fẹ́ lò ó, ẹ bi í léèrè ní èdè tó gbọ́, ẹ sọ ibi tó máa dé fún un: ṣé ìpàdé nìkan ni, àbí rédíò, àbí WhatsApp? Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé òun lè sọ pé òun ò ṣe mọ́, kódà láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé gan-an. Ti ọmọdé, ẹ má fi orúkọ tàbí fọ́tò sí i rárá. Ẹ má sì bu iyọ̀ sí ìtàn: tí wọ́n bá ká irọ́ kékeré kan mọ́ yín lọ́wọ́, gbogbo yòókù ti bàjẹ́. Ní Benin, ẹ rántí òfin Code du numérique ti April 2018. Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín. Ẹ fi èébú àti ẹ̀sùn tí ẹ ò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀dọ̀ chef de village tàbí chef de quartier la ti ń bẹ̀rẹ̀, ká tó dé arrondissement àti mairie. Tó bá jẹ́ pé òfin tàbí iṣẹ́ ìjọba kan ló tẹ ẹ̀tọ́ wa mọ́lẹ̀, abala 3 nínú òfin ìpilẹ̀ Benin ti 11 December 1990 fún gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè láyè láti kọ̀wé sí Cour constitutionnelle ní Kútọnu. Orúkọ yín, àdírẹ́sì tó ṣe kedere àti ìbuwọ́lùwé yín ni wọ́n ń bèèrè nínú ìwé náà. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ lè fi ìka tẹ̀ ẹ́.