Ìfàsẹ́yìn Ìtọ́jú Ara: Ìrònú, Awọ àti Ọjọ́ Ogbó láti Goubi dé Sokodé

Òrí ṣì wà lọ́jà ní Kambolé, ní Tchamba àti ní Sokodé. Igi rẹ̀ ṣì ń hù nínú oko káàkiri Goubi, àwọn obìnrin sì ń ṣa èso rẹ̀ bí òjò bá ti rọlẹ̀. Ọṣẹ dúdú wà, làálì wà, tìróò wà. Síbẹ̀, ẹni tó bá fojú sílẹ̀ dáadáa yóò rí i pé ìtọ́jú ara ti fà sẹ́yìn ní agbègbè yìí. Ohun tó ń tán lọ ni àsìkò tí a fi ń lo àwọn nǹkan wọ̀nyí, àti ọwọ́ ẹlòmíràn tó máa ń bá wa fi wọ́n ra ara. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ fi hàn pé ìfàsẹ́yìn náà ń kan awọ ara ju bí a ṣe rò lọ. Ọkàn tí kò sinmi máa ń ba awọ jẹ́ láti inú, ìpara tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì fi rọ́pò ìtọ́jú àtijọ́ ń ṣe iṣẹ́ kan náà láti ìta.

Goubi àti Kambolé wà lábẹ́ Tchamba, ní àárín gbùngbùn Togo. Sokodé ni olú-ìlú ẹkùn náà, nǹkan bí 340 kìlómítà ló sì wà láàárín rẹ̀ àti Lomé. Àwọn ará Kambolé ń sọ ọ̀kan lára àwọn èdè tó bá Yorùbá tan, wọ́n sì ń bá àwọn Tem, tí a tún ń pè ní Kotokoli, àti àwọn Tchamba ná ọjà kan náà. Bí oṣù kọkànlá bá ti ń lọ sópin, ọyẹ́ a dé láti aṣálẹ̀ Sahara. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ yìí a máa fa omi kúrò nínú awọ: ètè a là, gìgísẹ̀ a sán, ojúgun a funfun bí ẹni fi eérú para. Nítorí náà, ọ̀ràn ìlera ni ìtọ́jú awọ jẹ́ níbẹ̀ kó tó di ọ̀ràn oge.

Ẹ jẹ́ ká wo òrí fínnífínní. Wọn a se kóró èso rẹ̀, wọn a sá a sóòrùn, wọn a pa á, wọn a yan ọmọ inú rẹ̀, wọn a wá lọ̀ ọ́ títí yóò fi dúdú, tí yóò sì ki. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò máa bu omi sí i díẹ̀díẹ̀, tí wọn yóò máa fi ọwọ́ pò ó títí ọ̀rá funfun yóò fi léfòó. Iṣẹ́ agbára apá ni, kò sì sí obìnrin tó fẹ́ dá a ṣe. Mẹ́ta mẹ́rin a jókòó ti ọpọ́n kan, ọ̀rọ̀ a máa lọ, ohun tó ń dun kálukú nínú ilé rẹ̀ a sì di sísọ kí òrí tó jinná. Lílò rẹ̀ náà ń fẹ́ sùúrù. Ìwọ̀n ooru ara ènìyàn ló ń yọ́ òrí. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, ṣe ló máa ń dì gbagidi nínú igbá. Ẹni tó fẹ́ lò ó a ha díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, a pa ọwọ́ kejì dé e, a dúró kó yọ́, kó tó fi pa ara. Ẹni tó ń kánjú kò lè rí i lò.

Ìtọ́jú ọmọ tuntun ń fi ohun kan náà hàn. Ìyá àgbà a jókòó sórí àpótí, a na ẹsẹ̀ méjèèjì, a tẹ́ ọmọ lé wọn, a fi kànhìnkànhìn àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. A na apá, a na ẹsẹ̀, a fi òrí yíyọ́ ra oríkèé kọ̀ọ̀kan, oorun a sì ti máa gbé ọmọ lọ kó tó parí. Ìyá ọmọ náà ní ogójì ọjọ́ tirẹ̀, tí wọ́n ń fi omi gbígbóná jó o, tí ẹlòmíràn ń dáná fún un. Ọmọge tó ń di irun a jókòó sílẹ̀ láàárín orúnkún onídìrí fún wákàtí bíi mélòó kan. Ìyàwó tí wọ́n ń lé làálì fún ní Sokodé kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́ títí yóò fi gbẹ. Nínú gbogbo èyí, ìsinmi wà nínú àṣà, kò sẹ́ni tó ní láti tọrọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ lè ra ẹ̀yìn ara rẹ̀ dé ibi gbogbo. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

N kò sọ pé ayé àtijọ́ dùn ju ti òní lọ. Ìyá púpọ̀ ló kú lórí ìkúnlẹ̀, ọmọ púpọ̀ ni ìgbóná àti ibà pa, oòrùn oko kò sì ṣojúsàájú. Ohun tí mo ń sọ ni pé àṣà ti ṣètò ibi tí ara àti ọkàn yóò ti jọ sinmi, pé ètò náà ń tú, àti pé a kò tíì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Kí ni ìrònú ń ṣe sí awọ gan-an? Ní 1936, Hans Selye, ọmọ ìran Hungary tó ń ṣiṣẹ́ ní Montreal, kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn Nature pé ara máa ń dáhùn lọ́nà kan náà sí onírúurú ìnira. Láti ìgbà náà, àwọn onímọ̀ ti ṣàlàyé ìdáhùn ọ̀hún dáadáa. Nǹkan kékeré kan wà lórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan tó ń tú họ́mọ̀nù tí wọ́n ń pè ní cortisol sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ẹ̀rù tàbí àníyàn bá dé. Bó bá jẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wúlò: ó ń fún wa lágbára láti sá tàbí láti jà. Ṣùgbọ́n bí àníyàn kò bá lọ, cortisol pẹ̀lú kò ní lọ sílẹ̀ bó ṣe yẹ. Yóò máa dín collagen tí awọ ń ṣe kù, ìyẹn okun tó ń mú kí awọ le kó sì máa fà. Yóò máa dí ọ̀rá tó ń di omi mú lójú awọ lọ́wọ́. Awọ a fẹ́lẹ́, a gbẹ, a sì pẹ́ kó tó san bó bá gbọgbẹ́.

A ti fi ojú rí èyí nínú ìwádìí. Ní 1995, Janice Kiecolt-Glaser àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ohio, Amẹ́ríkà, kó obìnrin 13 tó ń tọ́jú ìbátan wọn tí àrùn ìgbàgbé ti mú, wọ́n sì kó 13 mìíràn tí kò ní irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lọ́rùn. Wọ́n ṣe ọgbẹ́ kékeré kan náà sí gbogbo wọn lára. Ọgbẹ́ àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn fi nǹkan bí ọjọ́ mẹ́sàn-án pẹ́ ju ti àwọn yòókù lọ kó tó san. Ní 2004, Elissa Epel àti Elizabeth Blackburn, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2009, yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ìyá wò, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń tọ́jú ọmọ tó ní àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́. Telomere, ìyẹn ìbòrí tó wà ní ṣóńṣó okùn àbùdá inú sẹ́ẹ̀lì, tó máa ń kúrú bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, kúrú lára àwọn tí ìdààmú wọn pọ̀ jù débi pé sẹ́ẹ̀lì wọn jọ ti ẹni tó fi ọdún 10 jù wọ́n lọ, ó kéré tán.

Ìròyìn ayọ̀ náà wà. Ní 2021, Martin Picard àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Columbia yẹ irun àwọn ènìyàn díẹ̀ wò ní fọ́nrán kọ̀ọ̀kan. Ewú mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ hù lásìkò wàhálà, ó sì padà dúdú nígbà tí wàhálà rọlẹ̀. Ẹnì kan lọ fún ìsinmi, fọ́nrán márùn-ún lórí rẹ̀ sì padà sí àwọ̀ ti tẹ́lẹ̀. Èyí kò sọ pé ìsinmi lè dá àgbà padà di ọmọdé. Ó kàn jẹ́ ká mọ̀ pé apá kan lára ohun tí a ń pè ní ogbó jẹ́ ti àárẹ̀, àti pé àárẹ̀ ṣeé tù.

Ṣùgbọ́n dípò ìsinmi, ìpara ìbóra ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbá mú. Nínú ìwádìí tí Palokinam Pitché, dókítà onímọ̀ awọ, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Lomé ní àwọn ọdún 1990, wọ́n rí i pé ó lé ní ìdajì àwọn obìnrin tí wọ́n yẹ̀ wò ló ń bóra. Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ìpín 59 nínú ọgọ́rùn-ún fún Togo, àti 77 fún Nàìjíríà. Ohun mẹ́ta ló wọ́pọ̀ jù nínú ìpara wọ̀nyí: mẹ́kúrì, hydroquinone, àti àwọn oògùn ẹbí corticosteroid, bíi clobetasol. Mẹ́kúrì ń ba kíndìnrín jẹ́. Hydroquinone tí a lò pẹ́ lè mú kí ojú dúdú lẹ́kìrẹ́kì, débi tí oògùn kò ní lè wò ó. Èyí tó kẹ́yìn ló yẹ ká ronú lé jù. Àwọn onímọ̀ ṣe clobetasol kó lè ṣe bí cortisol inú ara, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ pọ̀ ju ti cortisol lọ fíìfíì. Dókítà a máa kọ ọ́ fún aláìsàn awọ fún ìwọ̀nba ọjọ́. Ẹni tó bá ń fi í para lójoojúmọ́ fún ọdún púpọ̀, ohun tí ìrònú ń ṣe díẹ̀díẹ̀ láti inú ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kíákíá láti ìta: collagen ń dín kù, awọ ń fẹ́lẹ́, iṣan ń hàn, ara ń ya, ọgbẹ́ kò san.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ẹ wo ọwọ́ obìnrin tó ti ń bóra tipẹ́ bó ṣe ń ka owó fún oníbàárà. Ẹ̀yìn ọwọ́ ti pọ́n, ṣùgbọ́n oríkèé ìka ṣì dúdú, nítorí awọ ibẹ̀ nípọn. Bó bá fi ọwọ́ gbá igi àpótí lásán, ojú ibẹ̀ a ṣẹ́jẹ̀. Àwọn dókítà mọ̀ ọ́n bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀: abẹ́rẹ́ ń wọlé, ṣùgbọ́n awọ kì í fẹ́ di okùn mú. Ìpara náà sì ti bọ́ ààbò tó ń gba awọ lọ́wọ́ oòrùn kúrò. Oòrùn ló sì ń mú awọ hunjọ ju ohunkóhun lọ. Ẹni tó fẹ́ fi ìpara sá fún ogbó ti sáré lọ pàdé rẹ̀ lọ́nà.

Kí ló fà á tí òye ewu yìí kò fi tó? Côte d'Ivoire fòfin de ìpara ìbóra ní 2015, Àdéhùn Minamata lórí mẹ́kúrì sì ti ń ṣiṣẹ́ láti 2017, síbẹ̀ ọjà ìpara kò tú. Èrò mi ni pé àníyàn ni àwọn ènìyàn ń fi ìpara náà tọ́jú. Àwọn ọ̀dọ́ Tchamba àti Sokodé ń lọ sí Lomé, Cotonou, Accra àti Èkó láti wá iṣẹ́. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà lókèèrè ń sùn pẹ̀lú fóònù lábẹ́ ìrọ̀rí. Ìyàwó tó wà nílé ń bẹ̀rù pé ọkọ yóò rí ẹlòmíràn níbẹ̀. Ní 2017, nígbà tí ìjà ìṣèlú bẹ́ sílẹ̀ ní Sokodé, tí ẹ̀mí ṣòfò, ọ̀pọ̀ ìdílé kọ́ láti máa sùn tìbẹ̀rùbẹ̀rù. Nínú gbogbo èyí, ìyá àgbà tó yẹ kó wẹ ọmọ lè wà ní abúlé nígbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ bímọ sí ìlú ńlá. Ogójì ọjọ́ ti di ọ̀sẹ̀ kan, nítorí ọjà kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò rí ẹni gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa ra ohun tó ṣèlérí pé yóò mú kí wọ́n rí i. Àwọn obìnrin míì sì ń ta èso òrí fún oníṣòwò láìṣe é. Owó ń wọlé, ó sì tọ́ kó wọlé, ṣùgbọ́n ìjókòó yí ọpọ́n ká ti dín kù.

Ẹnì kan lè sọ pé olówó ló ń sọ̀rọ̀ ìfọ̀kànbalẹ̀, pé obìnrin tó ń ro oko láti òwúrọ̀ dé alẹ́ kò ní àyè fún un. Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn mi ni pé ìtọ́jú tí mò ń sọ kò béèrè fún owó púpọ̀, ṣùgbọ́n ó béèrè fún ènìyàn. Kò ṣeé dá ṣe. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ ká dá ẹ̀bi lé obìnrin kọ̀ọ̀kan lórí pé kò tọ́jú ara rẹ̀. Ẹbí, àdúgbò àti ilé ìwòsàn ló jọ ni ojúṣe náà. Ó tún yẹ ká rántí pé ogbó kì í ṣe àrùn. Awọ àgbà tó hunjọ kò nílò àforíjì. Èyí tó yẹ ká bá jà ni ogbó tí kò tọ́jọ́, tí àìsùn, ìdààmú àti májèlé ń kó báni.

Ohun tó kù láti ṣe kò kọjá agbára wa. Kí àwọn ọkọ àti àwọn ìyá ọkọ dá ogójì ọjọ́ padà fún ìyá ọlọ́mọ, kí wọ́n sì kà á sí oògùn bí wọ́n ṣe ń ka abẹ́rẹ́ sí i. Kí nọ́ọ̀sì tó ń wo awọ aláìsàn ní Kambolé tàbí ní Sokodé béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, “Ẹ sùn dáadáa? Ta ló ń bá yín gbé ẹrù ilé?” kó tó kọ oògùn. Kí ẹni tó fẹ́ jáwọ́ nínú clobetasol lọ bá dókítà, nítorí dídá a dúró lójijì lè mú kí ara gbóná, kó sì sú. Kí àwọn imáàmù àti àwọn pásítọ̀ sọ ọ́ ní gbangba pé ìbóra ń pa ara, kí wọ́n sì sọ ọ́ láìkẹ́gàn àwọn obìnrin, nítorí ẹ̀gàn pẹ̀lú jẹ́ àníyàn. Bí a bá ṣe èyí, òrí yóò ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe, èyí tó jẹ́ láti dáàbò bo awọ lọ́wọ́ ọyẹ́. Ìyókù, ìyẹn oorun, ìfọ̀kànbalẹ̀ àti ọwọ́ tó ń ra ẹ̀yìn ẹni, àwa fúnra wa la gbọ́dọ̀ fi fún ara wa.